Àsàkẹ́, To Irinṣẹ́ Rẹ fún Ọwọ́ Ara Rẹ

Àsàkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí nígbà tí èmi fúnra mi ṣì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jáde? Má fi búrẹ́dì nìkan ṣe oúnjẹ àárọ̀, inú tó ṣófo kì í jẹ́ kí ojú ríran. Gbogbo wa ní Idigny wà dáadáa. Àgbàdo bàbá rẹ ti yọ, ó ń rìn káàkiri bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ baálẹ̀. Ó ní kí n kí ọ. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé òun ò fìgbà kan bẹ̀rù lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Irọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí o pè mí pé wọ́n ti gbà ọ́ sí búrò ayàwòrán ilé yẹn pátápátá, pé ọ̀rọ̀ ẹ-jẹ́-ká-ṣì-máa-wò-ó-ná ti parí, ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo fẹ́ dìde jó, mi ò lè dìde. Kì í ṣe àárẹ̀ o. Ẹ̀rù tó ti gùn mí lẹ́yìn láti ìgbà yìí wá ló ṣàdédé sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn mi wá fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í dìde. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, àwọn adìẹ ń tú èèpo ẹ̀gẹ́ níwájú mi, mi ò lé wọn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tí o sọ kẹ́yìn ni kò jẹ́ kí ayọ̀ náà wọlé tán. O ní ọ̀gá ti fún ọ ní ẹ̀rọ ọ̀dinátọ̀ tìrẹ tí wàá máa fi ya ilé, tuntun. Mo ní, “Ṣé o ti to irinṣẹ́ rẹ sí ojú ẹ̀?” O rẹ́rìn-ín. O ní, “Màmá, mi ò fọwọ́ kan nǹkankan o. Bí wọ́n ṣe gbé e wá ni mo ṣe fi í sílẹ̀. Mi ò fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n mọ́.” O sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ìwà rere.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ ìwé yìí. Lórí fóònù, bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, gbogbo ohun tí mo ní í sọ á fò lọ. O mọ̀ pé ìwé mi ò pọ̀. Ibi tí mo dé ní sùkúù, ewúrẹ́ tó bá ṣìnà wọ kíláàsì lè dé ibẹ̀. Bíbélì tí à ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ mi ní èyí tí mò ń kọ yìí. Tí o bá rí àṣìṣe, fò ó.

Ó sì yẹ kí o ti bi ara rẹ léèrè: báwo ni Màmá ṣe mọ̀ pé wọ́n ń to irinṣẹ́ sí ojú ọ̀dinátọ̀? Màmá tó jẹ́ pé fóònù tí à ń tẹ̀ náà ń dà á láàmú? Jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ti wá sí búrò yín ní Àjàṣẹ́. O ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ fún ọ.

Má tíì bínú. Gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí o pè mí lọ́sàn-án gangan, tí ò ń sunkún tí mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ? Mo rò pé mọ́tò ló gbá ọ. Ìgbà tí ẹkún rọlẹ̀ díẹ̀ ni mo tó gbọ́ ọ. O ní ìwọ lo kọ́kọ́ dé búrò, bí mo ṣe kọ́ ọ. O gbálẹ̀. O nu tábìlì. O rí ẹ̀rọ ọ̀gá tó wà ní títàn. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya ilé, àwọn àwòrán wẹ́wẹ́ inú ẹ̀rọ, fọ́n ká sí ojú ẹ̀: òmíràn lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, òmíràn rọ̀ sáàárín bí aṣọ tí wọ́n sá sórí ọgbà, òmíràn sì wà ní ibi méjì. Ìwọ náà, ọwọ́ ọmọ tí mo tọ́, o kó wọn jọ. O to wọn ní ìlà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní sùkúù lísè. Èyí tó wà ní ibi méjì, o ti ọ̀kan pa. O wá jókòó, inú rẹ ń dùn, ò ń retí kí wọ́n wọlé yìn ọ́.

Ọ̀gá wọlé tòun ti onílé tí wọ́n ń yàwòrán ilé ẹ̀. Ọ̀gá jókòó, ọwọ́ wọn lọ sí igun kan, kò sí nǹkan. Ọwọ́ wọn lọ sí igun kejì, kò sí nǹkan. Wọ́n ní, “Ta ló wọlé mi?” Onílé dúró títí, ó sú u, ó lọ. O wá sọ fún mi pé, “Màmá, wọ́n máa lé mi.”

Àsàkẹ́, tí ẹlòmíì bá gbọ́ èyí, á ní kí ló kàn ọ́ nínú irinṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Èmi mọ ibi tó ti wá. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọmọbìnrin tó bá dé ilé tuntun, ì báà jẹ́ ìyàwó, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jí ṣáájú gbogbo ilé. Kí àgbà kan tó yọjú, ó ti gbálẹ̀, ó ti fọ abọ́, ohun tó fọ́n ká, ó ti tò ó. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé nìyẹn. Ohun tí o ṣe nìyẹn. Ojú ẹ̀rọ ni kò bá àṣà wa mu.

Láti ọjọ́ náà, tí fóònù mi bá ti dún, màá sáré nu ọwọ́ mi sára ìró. Mo ní ìròyìn ti dé nìyẹn, wọ́n ti lé e. Tó bá jẹ́ àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì ló pè, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tọkàntọkàn pé àwọn ni, ẹnu á yà wọ́n. Bàbá rẹ ní, “Ìwọ obìnrin yìí, tí ẹ̀rù bá tán láyé, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n á ti wá yá a.” Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Nígbà tó yá mo di iṣu sínú àpò, mo bu gààrí díẹ̀ sí i, mo sọ fún agbẹ̀bí ní matẹ́rínítè pé mi ò ní lè wá gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo wọ ọkọ̀ láti Kétu, ó gba Pọ̀bẹ́, ó gba Ṣakẹ́tẹ́, iṣu ń gún mi nítan títí a fi dé Àjàṣẹ́. Mo fẹ́ lọ bẹ ọ̀gá rẹ. Ohun tí ìyá ń ṣe nìyẹn.

Táàtá Roza ni mo kọ́kọ́ bá, obìnrin tó sanra díẹ̀ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ jọ ń ya àwòrán. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, “Àsàkẹ́ ti bá àwọn ọ̀mọ̀lé lọ sí ṣáńtìyé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ìwọ lẹ̀gbọ́n ẹ̀?”

Mo ní, “Èmi ni ìyá ẹ̀, mà.”

“Ìyá ta? Ìwọ ọmọ kékeré yìí! Ṣé nílé ọlọ́mọláńgidi lo ti bí i ni?”

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ọ̀gá rẹ, Músié Alábí, ti jáde láti inú yàrá. Bí mo ṣe rí wọn, orúnkún mi ti kanlẹ̀. Mo ní, “Músié, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì í. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má wo ti ọmọ, ẹ wo tèmi.”

Wọ́n sáré bọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní, “Háà! Màmá, ẹ dìde! Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Músié.”

“Kí ló wá dé?”

“Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ tó tò ni.”

Wọ́n wo Táàtá Roza. “Irinṣẹ́ wo?”

Táàtá Roza bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀gá, ti ọjọ́ tí ẹ pariwo tí alángbá àjà já bọ́ yẹn. Ọjọ́ tí ọmọ yìí gbálẹ̀ dé ojú ẹ̀rọ yín.”

“Yẹn?” Wọ́n di orí mú. “Yẹn ni ẹ ru iṣu láti Kétu wá sí? Màmá, mo ti gbàgbé! Onílé yẹn padà wá lọ́jọ́ kejì, a parí ilé ẹ̀, wọ́n ti ń mọ ọ́n lọ́wọ́. Àní ibẹ̀ ni ọmọ yín wà báyìí.”

Àsàkẹ́, mo dìde, mo wá tún kúnlẹ̀, torí mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Ìwọ ní Àjàṣẹ́, èmi ní Idigny, àwa méjèèjì ń kú lọ, ẹni tí à ń bẹ̀rù ti gbàgbé.

Wọ́n wá fà mí ní àga. Wọ́n ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí fún yín. Kì í ṣe pé ó fọwọ́ kan nǹkan mi. Pé kò fọwọ́ kan nǹkankan mọ́ ló ń dùn mí. Tó bá fẹ́ fa ìlà lásán, ó máa wojú mi ná. Ẹ wá wò ó.”

Bí mo ṣe jókòó síwájú ọ̀dinátọ̀ nìyẹn, èmi ìyá rẹ. Ojú mi là, mo sì ń wo ọwọ́ wọn. O mọ̀ mí, tí mi ò bá gbọ́ èdè, mo máa ń wo ọwọ́.

Wọ́n ní òkè lọ́hùn-ún, àwọn etí kékeré kan wà níbẹ̀ tí orúkọ wà lára wọn. Wọ́n tẹ ọ̀kan, ìlà irinṣẹ́ kan yọ. Wọ́n tẹ òmíràn, ti àkọ́kọ́ lọ, òmíràn dé. Wọ́n ní ìdílé ìdílé ni wọ́n tò wọ́n sí. Àwọn tó ń dá nǹkan sílẹ̀ wà pa pọ̀: èyí tó ń fa ìlà, èyí tó ń ṣe òbìrí, èyí tó ń tẹ ìlà bí ọrun. Àwọn tó ń tún ohun tó ti wà níbẹ̀ ṣe wà nílé tiwọn: èyí tó ń gé, èyí tó ń sún un, èyí tó ń ṣe ẹ̀dà, èyí tó ń yí i padà bíi pé inú dígí lo ti ń wò ó. Àwọn tó ń wọn gígùn àti ìbú wà lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ kíkọ lọ́tọ̀. Wọ́n tún fi ọfà kékeré kan hàn mí nísàlẹ̀ àwòrán òbìrí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, àwọn àbúrò ẹ̀ rọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀, gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣe òbìrí. Mo ní, “Ẹ̀ẹ́! Wọ́n ń gbé inú ìyá wọn!” Táàtá Roza fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga.

Wọ́n tún fi ohun tí wọ́n ń pè ní kálìkì hàn mí. Wọ́n ní ògiri wà lórí ọ̀kan, ilẹ̀kùn lórí òmíràn, ọ̀nà omi lórí òmíràn, iná lórí òmíràn, gbogbo ẹ̀ wá gun ara wọn bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n pa ti ògiri bí ẹni pa àtùpà. Mo pariwo, “Yéè! Ilé ti wó!” Wọ́n tún tàn án. Ilé padà.

Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá fi ohun tó jẹ́ kí n kọ ìwé yìí hàn mí. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tó bá ń lo ẹ̀rọ náà lè to irinṣẹ́ bó ṣe wù ú, kó fi orúkọ sí i, kí ẹ̀rọ bá a tọ́jú ẹ̀. Wọ́n tẹ orúkọ Táàtá Roza, gbogbo irinṣẹ́ gbéra, wọ́n lọ dúró síbi tí Táàtá Roza fẹ́ wọn sí, díẹ̀ ni, ó mọ́ tónítóní. Wọ́n tẹ orúkọ tiwọn, gbogbo ẹ̀ tún fọ́n ká.

Táàtá Roza ní, “Ẹ wo àkìtàn ọ̀gá.”

Ọ̀gá ní, “Àkìtàn tó ń bọ́ ẹ nìyẹn.” Wọ́n wá kọjú sí mi. “Kó tó di ọjọ́ yẹn, Màmá, mi ò fi tèmi pamọ́ rí. Ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n, mo rò pé ìyẹn tó. Ọmọ yín ló jẹ́ kí n fi í pamọ́. Báyìí, kó gbá gbogbo ẹ̀ dànù láàárọ̀, bí mo bá ti tẹ orúkọ mi, ó ti dé.”

Mo bi wọ́n pé, “Ti Àsàkẹ́ ńkọ́?”

“Kò sí. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá ló ń lò. Ó ń ṣí etí, ó ń ti etí, ó ń wá irinṣẹ́ kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílé àlejò. Ó mọ àwòrán yà o, ọmọ yẹn. Mi ò ní lé e, ta ló máa bá mi gbálẹ̀ báyẹn? Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó bá to tiẹ̀ ni màá gbé ilé kan fún un láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Kó tó dìgbà náà, ilẹ̀kùn àti fèrèsé tèmi ni yóò máa dà kọ.”

Etí mi gbọ́ pé wọn ò ní lé ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mi ò gbọ́, àfìgbà tí o pè. Mo fi iṣu sílẹ̀ fún wọn, mo sáré wọkọ̀ kí o tó dé, kí ojú má baà tì ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ pé ìyá rẹ kúnlẹ̀ ní búrò.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn mi rèé. Fara balẹ̀ kà á, má kà á bí ìgbà tí ò ń ka lẹ́tà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.

Ìkíní. Ilẹ̀ gbígbá tí mo kọ́ ọ, má fi sílẹ̀ torí ohun tó ṣẹlẹ̀. Máa kọ́kọ́ dé. Máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọwọ́ èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ilẹ̀. Ohun tó dà bí ìdọ̀tí lójú rẹ lè jẹ́ ètò lọ́wọ́ ẹlòmíì. Béèrè kí o tó gbé e. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ọmọ mi, ìbéèrè kò sì lè fa ẹnu ẹnikẹ́ni ya.

Ìkejì. Mọ ilé tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbé kí o tó ní kó kó kúrò. Bí mo ṣe wò ó, ẹni tó dá ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ kò kàn da irinṣẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí o bá ń wá èyí tó ń gé, má lọ wá a nílé àwọn tó ń dá nǹkan sílẹ̀. Bi ara rẹ pé: ṣé mo fẹ́ ṣe ohun tí kò sí ni, àbí mo fẹ́ tún ohun tó wà ṣe, àbí mo fẹ́ wọ̀n ọ́n? Ìdáhùn rẹ á mú ọ lọ sí ilé tó yẹ. Máa ṣí ọfà kékeré yẹn náà, kí o mọ àwọn àbúrò tó wà nísàlẹ̀. Èyí tí kò bá yé ọ, bi Táàtá Roza. Yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n yóò sọ fún ọ. Mo ti wò ó, ẹ̀rín ẹ̀ kò ní egungun nínú.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin, mi ò mọ iye tí mo ti kà. Nípa ojú àti ọwọ́. Ní matẹ́rínítè tí mo ti ń gbálẹ̀, agbẹ̀bí wa ní àwo irin pẹrẹsẹ kan. Kí aboyún tó gun bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á to irinṣẹ́ wọn sórí ẹ̀: àlùmọ́gàjí síbí, ohun tí wọ́n fi ń há ìwọ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òwú sọ́hùn-ún. Ìgbà gbogbo, ibì kan náà. Èmi máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀ mi, mo máa ń wò wọ́n. Mi ò rí i kí wọ́n wo àwo yẹn rí. Ojú obìnrin tó ń rọbí ni wọ́n ń wò, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń ní kó mí. Ọwọ́ wọn nìkan ni yóò lọ, tí yóò mú, tí yóò padà.

Nígbà tí ìjọba gbé agbẹ̀bí mìíràn wá rọ́pò wọn fúngbà díẹ̀, obìnrin náà to tiẹ̀ lódìlódì. Mo sá lọ bá agbẹ̀bí wa ní ilé wọn, mo ní, “Ẹ wá wò ó o, wọ́n ti da àwo yín rú!” Wọ́n ní, “Ìyá Àsàkẹ́, ọwọ́ tiẹ̀ ni yóò lò ó, kì í ṣe ọwọ́ tèmi. Ṣé àwọn ọmọ ń wálẹ̀ láyọ̀?” Mo ní wọ́n ń wálẹ̀. “Kí ló wá kù?”

Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ to irinṣẹ́ nìyẹn, Àsàkẹ́. Kí ojú lè ráyè wo ohun tó tóó wò. Ilé tí ò ń yà, èèyàn máa sùn sínú ẹ̀. Ọmọ máa sá gba inú ilẹ̀kùn ẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí ojú rẹ máa wà lára ilé náà, kì í ṣe kó máa wá ìlà kiri lókè. Ọ̀gá rẹ ní ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá ti mọ́lé, lẹ́tà kan péré ló ń tẹ̀ tí irinṣẹ́ á fi dé, kò wo àwòrán kankan. Kọ́ ìyẹn díẹ̀díẹ̀.

Kálìkì náà, má da nǹkan pọ̀ lórí ẹ̀. Omi sí ti omi, iná sí ti iná. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí o pa ògiri, kí ilẹ̀kùn má bá a lọ.

Èyí tó kù ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìyá bàbá rẹ wà nínú ẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

O ò mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n. Níwájú èèyàn, ọ̀tún ni wọ́n ń lò. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ti fi ẹgba kọ́ wọn pé òsì kì í ṣe ọwọ́ tí a fi ń se oúnjẹ fún èèyàn jẹ. Nínú ilé ìdáná wọn nìkan ni ọwọ́ òsì yẹn ti ń sinmi lọ́wọ́ ẹnu ayé. Èmi wá dé, ìyàwó kékeré, mo jí, mo gbálẹ̀, mo wọbẹ̀, mo to gbogbo nǹkan wọn sí ọ̀tún bí ìyá tèmi ṣe ń tò ó. Orógùn, iyọ̀, ata, gbogbo ẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n na òsì, wọn ò rí orógùn. Wọ́n wò mí. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, “Ìyàwó, ilẹ̀ lo wá gbá.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí dé egungun. Láti ọjọ́ náà, mi ò fọwọ́ kan nǹkan láìbéèrè. “Ìyá, ṣé kí n gbé ìkòkò kaná?” “Ìyá, ṣé kí n bu iyọ̀ sí i?” Títí wọ́n fi ní, “Ìyàwó, ṣé kí n máa bá ẹ mí náà ni?” Ẹni tí ejò bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Bàbá rẹ wá kọ́ ilé ìdáná tèmi fún mi. Ìwọ ti wà lẹ́yìn mi nígbà náà. Mo to gbogbo nǹkan sí òsì. Èmi ọlọ́wọ́ ọ̀tún! Ẹ̀rù ló tò ó, kì í ṣe èmi. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń se ọbẹ̀, mo máa ń na ọ̀tún kọjá lórí iná lọ mú iyọ̀. Àpá tó wà ní apá mi, tí o máa ń fọwọ́ pa nígbà tí o wà ní kékeré, tí ò ń bi mí pé kí ló bu Màmá jẹ, mo máa ń sọ pé iná ni. Ẹ̀rù ni, ọmọ mi. Iná kàn bá a parí ẹ̀ ni.

Ìgbà tí ìyá bàbá rẹ ti darúgbó, wọ́n wá kí wa, wọ́n jókòó ní ilé ìdáná, wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní, “Ta ló ń lo òsì níbí?”

Mo ní, “Kò sí, Ìyá.”

“Ta ló wá gbé iyọ̀ síbẹ̀ yẹn?”

Mo ní, “Bí ẹ ṣe ń ṣe tiyín ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Wọ́n wá fa apá mi, wọ́n rí àpá, ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, “Jókòó síwájú ààrò. Di ojú rẹ. Na ọwọ́ bíi pé o fẹ́ mú iyọ̀.” Mo na ọwọ́. Ibi tí ọwọ́ mi dúró sí, wọ́n gbé iyọ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ mú orógùn. Ibi tí ọwọ́ mi dé, wọ́n gbé orógùn síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tò ó tán, àwa méjèèjì, láìsí ìjà, láìsí ẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà náà iná kò jó mi mọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Tí o bá dé búrò lọ́jọ́ Ajé, gbá ilẹ̀ rẹ, kí gbogbo wọn, lẹ́yìn náà kí o jókòó sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fún ọ. Má wo ojú ọ̀gá. Má wo ti Táàtá Roza. Ya nǹkan kékeré kan, yàrá kan péré, kí o máa kíyè sí ọwọ́ rẹ: níbo ló kọ́kọ́ ń lọ tí ò ń wá ìlà? Gbé ìlà síbẹ̀. Èyí tí o kì í lò, gbé e kúrò lójú, ilé ẹ̀ ṣì wà lókè, kò ní sọnù. Ó lè dà bí àkìtàn. Ó lè mọ́ bíi ti Táàtá Roza. Tó bá yá, tí o bá rí i pé kò dáa, tún un tò, kò sẹ́ni tó máa nà ọ́. Tí o bá tò ó tán, kọ orúkọ rẹ sí i. Kọ Àsàkẹ́, má kọ orúkọ mìíràn.

Wọ́n á wá gbé ilé kan fún ọ láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé ilẹ̀ yóò mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Láti ọjọ́ tí o ti lọ sí Àjàṣẹ́, mo fi bẹ́ẹ̀dì rẹ sílẹ̀ ní títẹ́. Mò ń fọ aṣọ ẹ̀, mò ń sá a, mò ń tún un tẹ́, torí mò ń rò pé ìrọ̀lẹ́ kan o máa wọlé tòun ti ẹrù rẹ lórí. Bàbá rẹ rí mi, òun náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Lánàá mo ká a. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní matẹ́rínítè, kò ní ibi tó máa tẹ́ ọmọ sí nílé ẹ̀, mo gbé e fún un, tìmùtìmù tòun ti igi. Bàbá rẹ ti ní àgbàdo lòun máa kó sí yàrá náà.

Tí o bá ń bọ̀ wá kí wa lásìkò ọdún, jẹ́ kí n tètè gbọ́, kí n lè wá ẹní yá. Kò sí bẹ́ẹ̀dì nílé fún ọ mọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.